Ta Ni Kí Ẹ Bá Sọ Ọ́? Ìfiwéra Àwọn Ojúgbà Tí Ẹ Lè Fara Tì Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Kókó Inú Ọpọlọ

Dókítà á ṣe iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì á yọ okùn tí wọ́n fi rán orí, wọ́n á kọ oògùn, wọ́n á dá ọjọ́ kílíníìkì, ó di ilé. Láti ìgbà náà lọ, ìbéèrè tó ń jẹ aláìsàn lọ́kàn kì í sábà jẹ́ irú èyí tí èèyàn ń gbé lọ bá dókítà tí èrò ń dúró dè lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ló dé tí nǹkan ń dún nínú orí mi bí omi inú agbè tí mo bá yí ọrùn? Kí ló dé tí ariwo àwọn ọmọ ń bí mi nínú, èmi tí mo bí wọn? Ìgbà wo ni mo lè wé gèlè? Kí ni mo ń wá nídìí ìkòkò ọbẹ̀ láago méjì òru? Ẹni tó lè dá irú ìbéèrè wọ̀nyí lóhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì ni ẹni tí wọ́n ti ṣí orí tiẹ̀ náà rí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí mò ń pè ní ojúgbà yín, wà níbi púpọ̀: lórí bẹ́ǹṣì kílíníìkì, nínú gúrúùpù WhatsApp àti Facebook, lórí fóònù tí ẹgbẹ́ aláàánú kan fi so yín pọ̀, nínú ìpàdé oṣooṣù, nínú ìjọ yín pàápàá. Mo fẹ́ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí ẹni tó bá mú èyí tí kò bá àkókò rẹ̀ mu lè sọ pé gbogbo ẹ̀ ò wúlò. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹnìkan ṣoṣo tí kókó tiẹ̀ jọ tiyín sàn ju gúrúùpù ẹlẹ́gbẹ̀rún èèyàn lọ. Èrò púpọ̀ ń bọ̀ wá wúlò, àmọ́ ó ní ìgbà tiẹ̀.

Irú kókó wo ni tiwọn?

Kí ẹ tó béèrè iye èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ béèrè irú kókó tí wọ́n yọ fún wọn.

Meningioma ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó máa ń rọra dàgbà ni, obìnrin ló sì ń bá jù. Ẹni tí wọ́n bá yọ ọ́ tán fún lè padà sẹ́nu iṣẹ́, kó kàn máa lọ ya àwòrán MRI lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún púpọ̀. Glioblastoma ò rí bẹ́ẹ̀. Ìpele kẹrin ni wọ́n kà á sí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú oníìtànṣán tó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń dúró, oògùn temozolomide tẹ̀ lé e, àyẹ̀wò orí sì ń dé léraléra. Ẹni tí wọ́n gba ihò imú yọ kókó ẹṣẹ́ pituitary, èyí tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, fún lè má ní àpá kankan lórí, ṣùgbọ́n ó lè di ẹni tó ń lo hydrocortisone, oògùn tó ń rọ́pò ohun tí ara ò lè ṣe fúnra rẹ̀ mọ́, títí ayé, tó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí ibà bá dé, òun máa fi kún un bí dókítà ṣe là á sílẹ̀. Ẹni tó ní acoustic neuroma, èyí tó ń hù lára iṣan etí, lè máa bá etí kan tó dí, ojú tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ dúró gún jà.

Ẹ kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú gúrúùpù kan, kí ẹ máa wò. Ẹni tó ní glioblastoma á kọ ọ́ pé àwòrán orí òun ò dára, ìyá tó ní meningioma ò ní sùn lóru yẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ò kàn án. Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà á kọ ọ́ pé, "Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó padà wá, ògo ni fún Ọlọ́run," ẹni àkọ́kọ́ á sì wò ó pé òun nìkan ló kù. Kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni kò pín wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ẹgbẹ́ tó bá ya ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ní Amẹ́ríkà, Acoustic Neuroma Association wà láti 1981 fún irú kókó kan ṣoṣo yẹn. Ní Ìlú Ọba, Pituitary Foundation ní àwọn tó ti là á kọjá tí wọ́n ń bá aláìsàn tuntun sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí irú tiyín bá ní ẹgbẹ́ tiẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn sí. Bí ẹ ò bá sì mọ irú èyí tí wọ́n yọ, ẹ padà lọ béèrè èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n mú jáde, kí wọ́n kọ orúkọ àti ìpele rẹ̀ sínú ìwé fún yín. Ọ̀pọ̀ ló ń wá ojúgbà kiri láìmọ orúkọ ohun tó ṣe wọ́n, ó sì máa ń ṣòro láti bá irú wọn wá ẹni tó jọ wọ́n.

Ẹnìkan, tàbí agbo?

Orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí ò lè gba ohùn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má pè é ní ìgbéraga. Àárẹ̀ tó ń tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ò jọ ti ẹni tó ti oko dé. Ó lè wọlé láàárín gbólóhùn kan, kí èèyàn má lè parí ohun tó ń sọ, kó di dandan kó lọ dùbúlẹ̀. Dexamethasone tí wọ́n fi ń mú kí ọpọlọ tó wú fà sílẹ̀ máa ń lé oorun lọ, ó máa ń dá ebi sílẹ̀ lọ́gànjọ́, ó sì máa ń mú ojú wú. Levetiracetam tí wọ́n ń fúnni nítorí gìrì máa ń jẹ́ kí inú tètè bí àwọn kan. Ẹ wá gbé ẹni tó wà nínú gbogbo èyí sínú gúrúùpù tí fóònù ti ń dún láti ìdájí, kí ẹ ní ìrànlọ́wọ́ lẹ ń ṣe fún un!

Ojúgbà kan ṣoṣo lórí fóònù máa ń wo bí ara yín ṣe rí. Bó bá rẹ̀ yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ní "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ dọ̀la," kò ní bínú, torí ó rẹ òun náà bẹ́ẹ̀ rí. Òun ló máa sọ fún yín pé ohun tó ń dún nínú orí, afẹ́fẹ́ àti omi tó kù sábẹ́ egungun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni, pé ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òun ló máa sọ pé bó bá jẹ́ ẹ̀bátí ni wọ́n ti ṣí orí, wọ́n á ti la iṣan tí a fi ń jẹun kọjá, ẹnu lè má yà dáadáa fúngbà díẹ̀, kí ẹ ṣì máa jẹ àmàlà àti ẹ̀kọ, kí ẹ fi ṣàkì sílẹ̀ ná. Òun ló máa sọ pé ibi tó kú tipiri lókè àpá á máa yún yín bó ṣe ń sọjí, kí ẹ má họ ọ́. Nǹkan kéékèèké ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ òun gan-an ni kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

American Brain Tumor Association pàápàá, ìyá méjì ló dá a sílẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1973, ó sì ní ètò tó ń so aláìsàn tàbí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tó ti gba ọ̀nà náà kọjá. Mo fẹ́ràn kí ẹgbẹ́ kan tàbí nọ́ọ̀sì kílíníìkì so yín pọ̀ ju kí ẹ fúnra yín kàn ṣe kòńgẹ́ ara yín, torí ẹ máa ní ẹni tí ẹ lè padà lọ bá bí ọ̀rọ̀ ò bá wọ̀. Ẹ má tijú láti ní kí wọ́n fún yín ní ẹlòmíì.

Torí ó lè má wọ̀ lóòótọ́. Ìtàn ẹnìkan, ìtàn ẹnìkan ni. Bó bá ní oṣù méjì lòun fi padà síbi iṣẹ́, ẹ̀yin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi oṣù méjì wọn ara yín. Bí àyẹ̀wò tiẹ̀ bá lọ sọ pé kókó ti padà, ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kì í kéré. Ibẹ̀ ni agbo ti dára. Láti bí oṣù kẹta lọ, tí orí bá ti ń gba ọ̀rọ̀, ẹ máa rí ẹni tó padà síṣẹ́ lóṣù kejì àti ẹni tó fi ọdún kan gbáko jókòó, ẹni tí gìrì mú rí àti ẹni tí kò mú, ẹni tó ń sunkún láìnídìí àti ẹni tí kò lè sunkún mọ́. Ẹ máa rí i pé ibì kan láàárín wọn lẹ wà. Lọ́jọ́ kan, ẹni tuntun á béèrè ohun tí ẹ mọ̀, ẹ̀yin lẹ máa dá a lóhùn. Mo ti rí i tí ìyẹn gbé èèyàn dìde ju gbogbo ìyànjú tí wọ́n ń gbà á lọ.

Bẹ́ǹṣì kílíníìkì, tàbí WhatsApp?

Ní Nàìjíríà, UCH n'Íbàdàn ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà, dé síbẹ̀ lọ́dún 1962. Títí dòní, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, èèyàn sì ń ti ìlú jíjìn wá sáwọn ilé ìwòsàn ńlá. Èyí sọ kílíníìkì di ibi tí àwọn tí ohun kan náà ṣe ti ń bára wọn pàdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣètò rẹ̀. Wọ́n á dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á fi káàdì sílẹ̀, wọ́n á wá jókòó títí oòrùn á fi gbóná.

Níbi bẹ́ẹ̀ ni mo wà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ìyá kan tó wà níwájú wa fi yíjú padà. Ó ti rí etí àpá lábẹ́ ìborùn ẹ̀gbọ́n mi. Kò kí wa ju "Ẹ káàárọ̀" lọ tó fi ṣí ìborùn tiẹ̀, tó mú ìka ẹ̀gbọ́n mi, tó sì fi í sórí kòtò kékeré kan lókè iwájú orí rẹ̀, ibi tí wọ́n ti dá egungun lu.

"Àǹtí, ṣé tiyín náà jìn báyìí?"

"Ó jìn, Mà. Mo ti rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan ni."

"Wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Ìyàwó ọmọ mi ní kí n máa fi ata sí i."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Kí wọ́n tó pe ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ìyá náà ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn káàdì wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa fọwọ́ kan orí rẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

Èyí ni ohun tí WhatsApp ò lè ṣe. Ohun tí òun sì lè ṣe tí bẹ́ǹṣì ò lè ṣe ni òru. Nígbà tí dexamethasone bá là yín lójú sílẹ̀ láago méjì, tí gbogbo ilé ń sùn, ẹnìkan wà ní Houston tí kò tíì sùn, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí yóò sì kọ ọ́ pé "Mo wà ńbí." Ẹni tó ń gbé ìlú tí kò sí kílíníìkì bẹ́ẹ̀ nítòsí, tó ń padà sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, fóònù ni bẹ́ǹṣì tiẹ̀.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí àwọn tó ń yàn kì í sábà kíyè sí. Ẹni tí ara rẹ̀ mókun tó láti wọ ọkọ̀ wá ni ẹ máa rí lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tí kò lè dìde wà nílé, ẹ ò ní rí i. Inú gúrúùpù orí fóònù yàtọ̀ pátápátá: ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ti padà sídìí ọjà rẹ̀, kò kọ nǹkan mọ́, ẹni tí ara ń ni ló kù tó ń kọ. Nítorí náà bẹ́ǹṣì lè mú yín rò pé ó yẹ kí ara yín ti yá ju báyìí lọ, gúrúùpù sì lè mú yín rò pé kò sẹ́ni tí ara rẹ̀ ń yá. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó fi ohun tí ẹ rí níbì kan ṣe ìdájọ́ ara yín.

Gúrúùpù tún ní ìṣòro tiẹ̀ tí mi ò ní fi bò. Àwòrán òdòdó oní-"Ẹ káàárọ̀" tó ń jẹ dátà. Fídíò ewé tí wọ́n ní ó ń yọ́ kókó. Ìkéde ikú tó ń wọlé láago márùn-ún ìdájí, kí oògùn tó wọ ara. Ẹ pa ohùn gúrúùpù náà, kí ẹ máa ṣí i nígbà tó bá wù yín, tàbí kí ọmọ kan nínú ilé máa kà á fún yín, kó fo èyí tí kò yẹ. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù pàápàá ń fọ́ orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná.

Ẹni tó bá fẹ́ wo ìfiwéra náà lẹ́ẹ̀kan:

| Ọ̀nà | Ìgbà tó dára jù | Ohun tó ń fúnni | Ibi tó kù sí |
|---|---|---|---|
| Ẹnìkan lórí fóònù | Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ | Ó ń rọra bá yín lọ, àṣírí bò | Ìrírí kan péré ni |
| Bẹ́ǹṣì kílíníìkì | Ìgbàkígbà tí ẹ bá lọ | Ojú rí, ọwọ́ kàn án | Ó di oṣù mélòó kan kí ẹ tó tún pàdé |
| WhatsApp, Facebook | Lóru. Láti oṣù kẹta lọ | Ìdáhùn kíákíá, oríṣiríṣi ìrírí | Ariwo, ẹ̀rù, oníṣòwò |
| Ìpàdé ojúkojú | Tí ẹ bá ti lè jókòó wákàtí kan | Ọ̀rẹ́ tó máa tọ́jọ́ | Ọkọ̀, ọ̀nà, àárẹ̀ |
| Ìjọ, mọ́sálásí | Láti ọjọ́ kìíní | Oúnjẹ, owó, àbẹ̀wò | Wọn ò mọ ohun tó ń ṣe yín |

Ojúgbà ilé, tàbí ti òkè òkun?

Fún ọ̀rọ̀ ara, ẹnikẹ́ni níbikíbi tí kókó yín jọra dára. Orí tó ń dún n'Íbàdàn kò yàtọ̀ sí èyí tó ń dún ní Peckham. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti owó, òfin àti oògùn, ẹni tó ń gbé orílẹ̀-èdè kan náà pẹ̀lú yín ni kí ẹ bi.

Ní Ìlú Ọba, ẹni tó ní kókó inú ọpọlọ gbọ́dọ̀ fi tó DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀, létí, kó sì dáwọ́ ọkọ̀ wíwà dúró títí wọn á fi ní ó lè máa wà á. Ojúgbà ló máa ń sọ fún èèyàn pé ó sàn kó fúnra rẹ̀ dá láísẹ́ǹsì padà ju kó dúró kí wọ́n gbà á, torí ẹni tó fúnra rẹ̀ dá a padà lè ní àǹfààní láti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ nígbà tí dókítà bá ní ó ti yẹ, kí DVLA tó parí ìwé tiwọn. Ní England, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹni tó ń lo oògùn gìrì lójoojúmọ́, àti ẹni tí pituitary rẹ̀ ò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lè gba fọ́ọ̀mù FP92A lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀, kó má sanwó oògùn mọ́. Ọ̀pọ̀ ti sanwó fún oṣù púpọ̀ kí ojúgbà kan tó bi wọ́n pé, "Wọn ò sọ fún yín ni?" The Brain Tumour Charity ní gúrúùpù Facebook oníkọ̀kọ̀, àtèyí tó wà fún aláìsàn àtèyí tó wà fún olùtọ́jú, ẹgbẹ́ aláàánú brainstrust náà ń so èèyàn pọ̀. Maggie's, tó bẹ̀rẹ̀ ní Edinburgh lọ́dún 1996, ní ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ńlá (NHS). Jẹjẹrẹ ni tiwọn, ọ̀fẹ́ ni, èèyàn sì lè wọlé láìdá ọjọ́.

Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ni FP92A fẹ́ ṣe fún un? Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ilé oògùn tí levetiracetam wà tí kì í ṣe ayédèrú, ibi tí MRI ò ti wọ́n jù, bí wọ́n ṣe ń bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè san owó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ṣe é lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn ní ìlú kan náà ló mọ̀ ọ́n. Òun náà ló máa sọ fún un pé àwọn social worker, òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ lórí ìṣòro owó àti ìdílé, wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni, pé kó lọ jókòó níwájú wọn kó ṣàlàyé, kó má dúró kí wọ́n wá a wá.

Èdè tí ẹ máa fi sọ ọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń pín, bẹ́ẹ̀ ó lágbára. Bí kókó bá wà nítòsí ibi tí ọpọlọ ti ń ṣètò ọ̀rọ̀, tó sábà máa ń jẹ́ apá òsì, ọ̀rọ̀ lè ṣòro jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Èèyàn á mọ ṣíbí, á rí ṣíbí, orúkọ rẹ̀ ò ní wá. Fún ẹni tó gbọ́ èdè méjì, èdè méjèèjì lè má padà ní ìwọ̀n kan náà. Màmá tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní London fún ọgbọ̀n ọdún lè rí i pé Yorùbá nìkan ló ń yá òun lẹ́nu báyìí. Ẹ wá ní kó jókòó sínú ìpàdé orí Zoom kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ bó ṣe ń ṣe é? Á kàn máa mi orí ni.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ojúgbà kan tó gbọ́ Yorùbá, kódà kí irú kókó wọn má bára mu tán, sàn fún un ju ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó péye. Ibí yìí nìkan ni mo ti máa gbà kí irú kókó yàtọ̀. Bí kíkọ̀wé bá ṣòro, kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn. Bó bá jẹ́ sísọ ló ṣòro, kó kàn máa gbọ́. Ilé ìwòsàn NHS máa ń wá ògbufọ̀ fún ọjọ́ kílíníìkì, ẹ béèrè rẹ̀, àmọ́ ògbufọ̀ kì í bá èèyàn lọ sínú gúrúùpù.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà ńbẹ̀. Ọmọdébìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ṣe tiẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n so pọ̀ mọ́ bàbá ẹni àádọ́rin ọdún. Ta ni ẹ̀gbọ́n níbẹ̀? Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni kí ọmọ náà máa pè é ní Bàbá, kó kúnlẹ̀ lórí fóònù bó bá fẹ́, kí Bàbá sì gbà pé nínú àìsàn yìí, ọmọ náà ló kọ́kọ́ dé.

Ìjọ àti mọ́sálásí ńkọ́?

Kò sí ẹgbẹ́ òkè òkun kankan tó lè gbé ìṣasùn ọbẹ̀ wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ tàbí ẹgbẹ́ Asalátù ṣe lè gbé e. Wọ́n á dá owó, wọ́n á gbá ilé, wọ́n á wá gbàdúrà. Ẹni tó bá ní irú èyí kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù.

Àmọ́ ẹ pààlà. Kí àbẹ̀wò má ju èèyàn méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ní gìrì rí kò gbọ́dọ̀ lọ ṣe ìṣọ́ òru, torí àìsùn wà lára ohun tó ń fa gìrì. Ẹni tó ń lo hydrocortisone tàbí oògùn gìrì kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ láìbi dókítà rẹ̀. Ìsìláàmù pàápàá yọ̀ǹda aláìsàn nínú Ramadan. Ìjẹ́rìí níwájú ìjọ, pẹ̀lú maikirofóònù, ìlù àti iná, lè dúró di oṣù kẹfà. Ọlọ́run ò ní gbàgbé. Ohun tó ń dùn mí jù ni nígbà tí wọ́n bá ní "O ti yá, má sọ pé orí ń fọ́ ọ, ẹnu rẹ lo fi ń pè é," tí aláìsàn á wá máa fi ìrora pamọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní ìjọ tó dára gan-an ṣì fi nílò ojúgbà kan tó lè sọ fún pé orí ń fọ́ òun lónìí, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú

Kí ó ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyàwó tó fẹ́ sọ pé "Ọkọ mi ti yàtọ̀, ó ń pariwo mọ́ mi, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ mọ́" kò lè kọ ọ́ síbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń kà á. Ọmọ àgbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí ìyá rẹ̀ kò lè sọ pé ó ti sú òun lójú ìyá. Bí ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ bá kó aláìsàn àti olùtọ́jú pọ̀, kí ọ̀kan nínú yín wá ibòmíì.

Kí ẹ tó wọlé, àti ìgbà tí ẹ máa jáde

Ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ admin, bóyá ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni tàbí ẹni tó ń ta nǹkan. Ẹ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lè wọlé. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ẹnìkan bá béèrè ọ̀rọ̀ oògùn. Gúrúùpù tó dára á ní "Ẹ pe dókítà yín." Gúrúùpù tó bá ń sọ pé kí ẹ já dexamethasone sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà torí pé ó ń mú ojú wú, ẹ sá fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Jíjá a sílẹ̀ lójijì lè dá èèyàn dùbúlẹ̀. Oògùn gìrì náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi àwòrán àpá yín tàbí orúkọ ilé ìwòsàn yín síbi tí ẹ ò mọ ojú ẹni tó wà, ẹ má sì fi nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀ láé.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í bi ojúgbà, ilé ìwòsàn ni a ń gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀: ibà pẹ̀lú ọrùn líle, omi tó mọ́ gaara tó ń kán láti imú tàbí ojú ọgbẹ́, orí fífọ́ tó ń le sí i pẹ̀lú èébì, oorun tí a ò lè jí èèyàn nínú rẹ̀, gìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó rọ lójijì, ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń dunni tàbí èémí tó ń gé. Bí ẹ bá rí ẹni tó kọ irú èyí sínú gúrúùpù láago mẹ́ta òru tí ẹ sì wà lójúfò, ẹ pè é.

Ní ti jíjáde: bí ẹ bá rí i pé ọkàn yín ń wúwo ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, tàbí pé ọ̀rọ̀ wọn ti jìnnà sí ibi tí ẹ dé, ẹ kúrò. Ẹ lè kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣeun gan-an, mo fẹ́ sinmi díẹ̀, nọ́ńbà mi ò yí padà." Ẹni tó bá fẹ́ yín nínú wọn á pè.